Láti Inú Fáìlì Bọ́ Sórí Ṣíìtì: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tó Wà Nílẹ̀

Fáìlì àkọsílẹ̀ owó láti báńkì, máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, iye àpò gààrí àti àgbàdo tó wọlé láti Ìmẹ̀kọ, owó ọjà tí oníbàárà fi ránṣẹ́ láti Pobè tàbí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin: irú àwọn fáìlì báyìí ló ń kóra jọ sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìlaròó àti ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́ ní Ayétòrò. Ibi tí àwọn tó kù ti fẹ́ wò ó ni ṣíìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá Google Sheets, nítorí pé fóònù lásán ti tó láti ṣí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà láàárín fáìlì àti ṣíìtì ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Ìbéèrè wo la máa fi ṣa èyí tó wúlò jáde nínú fáìlì, níbo sì ni ìbéèrè náà yóò ti ṣiṣẹ́? Ṣé nínú ṣíìtì fúnra rẹ̀ ni, àbí nínú àká àkọsílẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa, àbí lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ lókè òkun?

Ìdílé méjì tí wọn kì í ṣe ẹbí ló pàdé níbí. Lọ́dún 1970 ni Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM, kọ ìwé tó fi ìpìlẹ̀ àká onítábìlì lélẹ̀. Lọ́dún 1974 ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé èdè ìbéèrè tó di SQL jáde. Ṣíìtì ní tirẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1979 nígbà tí VisiCalc ti Dan Bricklin àti Bob Frankston dé, ọdún kan náà tí wọ́n dá Federal Polytechnic sílẹ̀ ní Ìlaròó. Google Sheets kò dé títí di 2006. Àká a máa fẹ́ mọ irú ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan máa gbà kí ó tó jẹ́ kí ohunkóhun wọlé. Ṣíìtì kì í béèrè, ohun tí wọ́n bá kó fún un ló ń gbà, á wá máa méfò ohun tó jẹ́. Inú ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ìjà tó tẹ̀ lé e ti jáde.

Àwọn tó ní ká gbé e wọlé bó ṣe wà

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Wọ́n á ṣí fáìlì, wọ́n á kọ́pì ohun inú rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣíìtì, tàbí kí wọ́n lo àṣẹ Import tó wà lábẹ́ File. Ẹni tó bá mọ WhatsApp lò lè kọ́ ọ láàárọ̀ kan. Bí akọ̀wé bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀ kò ní máa wá páswọ́ọ̀dù kiri. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ẹgbẹ́ tí kò ní owó oṣù tó lè san fún amòye kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín kì í sì í kà á kún.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ṣíìtì a máa tún ohun tí a fún un ṣe láìgba àṣẹ. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá, ti fóònù jẹ́ mọ́kànlá, òdo ló sì ń ṣíwájú ti fóònù àti ọ̀pọ̀ nínú ti àkáǹtì. Bí ṣíìtì bá ti kà wọ́n sí iye owó tàbí iye ẹrù, òdo iwájú ti bọ́ sọnù nìyẹn, nọ́ńbà náà kò sì ní bá ti inú fáìlì mìíràn mu mọ́. Nínú fèrèsé Import, ìbéèrè kan wà nípa bóyá kí ó sọ ọ̀rọ̀ di iye, déètì àti fọ́múlà. Ẹni tó bá yọ àmì ibẹ̀ kúrò ti bọ́, àmọ́ ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ tààrà kò ní rí fèrèsé náà rárá.

Déètì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. 03/04/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni lójú ṣíìtì tí ètò rẹ̀ wà ní ti Amẹ́ríkà. Bí ó bá kan 25/04/2024, ṣíìtì yẹn kò ní rí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Nínú òpó kan ṣoṣo, àwọn déètì tí ọjọ́ wọn kò ju méjìlá lọ á ti yí padà láìsí ariwo, àwọn tó kù á sì dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Inú Settings ni wọ́n ti ń yí orílẹ̀-èdè ṣíìtì padà, kí wọ́n tó gbé fáìlì wọlé ni ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é.

Àwọn tó ní kí fọ́múlà lọ mú un wá

Ìpín kejì ní kò sídìí fún lílẹ̀ mọ́. IMPORTDATA lè lọ ka fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ya òpó rẹ̀ sọ́tọ̀) láti àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IMPORTRANGE lè kà láti inú ṣíìtì mìíràn, QUERY á sì ṣà wọ́n pẹ̀lú èdè tó fara jọ SQL. Bí àdírẹ́sì fáìlì bá wà nínú àpótí A1, ìlà kan ti tó:

=QUERY(IMPORTDATA(A1), "select Col2, sum(Col4) where Col3 = 'Ilaro' group by Col2", 1)

Ohun tó ń sọ ni pé kí ó mú orúkọ tó wà nínú òpó kejì, kí ó ro owó òpó kẹrin pọ̀ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ti ẹ̀ka Ìlaròó nìkan. Nọ́ńbà 1 tó gbẹ̀yìn ń sọ fún un pé ìlà kan ṣoṣo ni àkọlé. Bí fáìlì bá yí padà, èsì á yí padà, nítorí pé IMPORTDATA a máa tún un kà ní wákàtí-wákàtí. Fún ìgbìmọ̀ tó fẹ́ máa wo ìwọ̀n owó tó wọlé láìdúró de akọ̀wé, mi ò rí ọ̀nà tó rọrùn jù báyìí.

Àmọ́ SQL kọ́ ni èdè QUERY, ó kàn jọ ọ́ ni. Kò ní FROM, kò sì ní JOIN, nítorí náà kò lè so tábìlì ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ tábìlì owó. VLOOKUP tàbí XLOOKUP ni wọ́n ń fi bo ihò yẹn. Ó tún ní àṣà kan tó yẹ kí gbogbo akápò mọ̀: bí òpó kan bá ní oríṣi méjì, èyí tó pọ̀ jù ló ń gbà, ó sì ń ka èyí tó kéré sí òfìfo. Ká ní òpó owó ní ìlà ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́ta jẹ́ iye, tí ogójì jẹ́ ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹnìkan tẹ “náírà” mọ́ iye inú wọn. Ogójì yẹn ti di òfìfo. Àpapọ̀ á jáde, yóò dára ní wíwò, yóò sì kéré sí òótọ́. Àmì pupa kankan kò ní yọ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló tún kù. IMPORTDATA kì í wọlé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù. Àdírẹ́sì tó bá lè kà, gbogbo ayé ló lè kà á. Ẹni tó bá ṣí fáìlì owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní líǹkì, kí fọ́múlà lè ráyè wọlé, ti pàtẹ gbèsè àwọn ènìyàn sójú ọjà. IMPORTRANGE sàn ní apá yìí, nítorí pé ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ṣíìtì, àmọ́ ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan kò ju MB mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ní àká ni kó ṣíwájú

Èrò àwọn wọ̀nyí ni pé fáìlì kò gbọdọ̀ dé orí ṣíìtì rárá. Inú àká ni kí ó lọ, kí ìbéèrè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí èsì kékeré tó jáde wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. PostgreSQL ní àṣẹ COPY fún kíkó fáìlì wọlé, MySQL ní LOAD DATA INFILE. SQLite, tí D. Richard Hipp gbé jáde lọ́dún 2000, kò tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ mìíràn: gbogbo àká náà jẹ́ fáìlì kan lórí láptọ́ọ̀pù, àṣẹ .import ló sì fi ń kó CSV sínú.

Lójú tèmi, ìpín yìí ló lágbára jù fún ilẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, tí owó dátà sì ń dunni. Ìlà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lè wà nínú àká, kí ogún ìlà péré sì jẹ́ ohun tó máa lọ sókè. Iṣẹ́ ń lọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. JOIN wà. Ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀rí: bí alábòójútó ìwé owó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí àpapọ̀ oṣù kẹfà, wọ́n á fi ìbéèrè náà hàn án, á sì tún un ṣe lójú ara rẹ̀. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ́pì tí wọ́n sì lẹ̀?

Síbẹ̀, àká náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí SQLite bá dá tábìlì sílẹ̀ fúnra rẹ̀ látinú CSV, gbogbo òpó ló ń kà sí ọ̀rọ̀. Bí a bá wá fi CAST sọ “12,500” di iye, ibi kọ́mà ló máa dúró sí, ẹgbẹ̀rún méjìlá ààbọ̀ náírà á wá di náírà méjìlá. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ báńkì ló sì ń wá pẹ̀lú kọ́mà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yọ kọ́mà kúrò pẹ̀lú REPLACE ṣáájú ni àbáyọ, ẹni tó sì mọ̀ nìkan ló lè ṣe é. Àtakò tó le jù ni pé ẹni tó mọ̀ yìí kò pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Polytechnic Ìlaròó ń kọ́ SQL, àmọ́ láàárín ẹni tó kọ́ ọ nínú kíláàsì àti ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìpókíá, ọ̀nà jìn.

Àwọn tó ní kí skíríìpù dá a ṣe

Apps Script, tí Google gbé jáde lọ́dún 2009, ń jẹ́ kí a kọ ètò kékeré sẹ́yìn ṣíìtì. Ó lè ka CSV láti inú Google Drive tí a kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó lè bá MySQL, SQL Server àti Oracle sọ̀rọ̀ kí ó sì da èsì SELECT sórí ṣíìtì, wọ́n sì lè fi aago sí i kí ó máa ṣe é ní gbogbo òru. Ìjáfara àti àṣìṣe ọwọ́ dópin níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni skíríìpù kan ní láti ṣiṣẹ́, ó sì ń tó bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa. Ẹni tó ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ pẹ̀lú appendRow lè má parí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kí aago tó dé. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ tó fi setValues dà á lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́. Ohun tí àwọn alátìlẹyìn skíríìpù kì í sábà sọ ni pé orúkọ ẹni tó gbé aago kalẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pa àkáǹtì ẹni náà rẹ́ lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, aago dákẹ́. Bákan náà, Google kò lè dé inú àká tó wà lórí láptọ́ọ̀pù nílé ẹnìkan. Àká náà ní láti wà ní ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti lè kàn án, ìyẹn sì túmọ̀ sí owó oṣooṣù àti ilẹ̀kùn kan tí olè lè máa tì wò.

Àwọn alátìlẹyìn BigQuery, àti ti Power Query

BigQuery jẹ́ àká ńlá tí Google ń bójú tó, Connected Sheets sì ni okùn tó so ó mọ́ ṣíìtì. Ìbéèrè ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún lórí ìlà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, ṣíìtì ń fi èsì hàn. Wọn kì í gba owó fún GB mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ènìyàn kó pa mọ́ síbẹ̀ àti TB kan ìbéèrè lóṣù, èyí tó ju ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Gúúsù Yewa lè nílò lọ. Ibi tó ti ń di wàhálà ni ìgbà tí ó bá kọjá ààlà yẹn, nítorí pé dọ́là ni wọ́n ń kà á sí, owó náírà kì í sì í dúró lójú kan. Ibùdó Google Cloud tó wà ní Áfíríkà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2024, Johannesburg ló wà, ó jìnnà sí wa. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá bíi ti sìmẹ́ǹtì tó wà ní Ìbéṣe, BigQuery bọ́gbọ́n mu. Fún ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n ń fi àdá bẹ́ ẹ̀fọ́ ni.

Power Query bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 gẹ́gẹ́ bí àfikún fún Excel, ó sì di ara Excel láti 2016. Ó ń rántí gbogbo ìgbésẹ̀ ìfọmọ́, ó sì lè kó gbogbo fáìlì inú fódà kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lórí Windows ló ti dára jù. Excel orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì tó o. Ẹni tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti wà lórí Google Sheets kò ní fi ìyẹn sílẹ̀ torí rẹ̀.

Àwọn tó ní ṣíìtì gan-an ni àìsàn

Àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀nà kankan tó parí sórí ṣíìtì, ẹ̀rí wọn sì wúwo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2020, èsì àyẹ̀wò kòrónà 15,841 ló ṣubú kúrò nínú ìròyìn ojoojúmọ́, nítorí pé wọ́n ń kó fáìlì CSV sínú oríṣi Excel àtijọ́ tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn lọ́dún 2016 pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ìwé ìwádìí tó fi àkójọ jíìnì sínú Excel ló ní orúkọ tí ṣíìtì ti sọ di déètì, títí tó fi di pé ní 2020 orúkọ àwọn jíìnì náà ni wọ́n yí padà.

Òótọ́ ni gbogbo èyí. Google Sheets náà ní ààlà, àpótí mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀sùn yìí ti rọ̀ ni pé kì í sọ ohun tó máa rọ́pò ṣíìtì lọ́wọ́ ẹni tí fóònù nìkan ló ní. Bí a bá gba ṣíìtì lọ́wọ́ akọ̀wé, ìwé ńlá onílà ló máa padà sí, ìwé ńlá kò sì ní QUERY.

Ohun tí ààlà ilẹ̀ fi kún un

Gbogbo ìpín wọ̀nyí ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé fáìlì mọ́ kí ó tó dé. Ní ilẹ̀ Yewa, tó bá Benin pààlà, kì í rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí Faransé ní Pobè tàbí Àjàṣẹ́ a máa fi kọ́mà ṣe ojúàmì ìdá, a sì máa fi àmì ; ya òpó sọ́tọ̀ nínú CSV. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé Ìlaròó, gbogbo ìlà lè bọ́ sínú òpó kan ṣoṣo, 1,5 sì lè di ohun tí kò jọ ọ̀kan ààbọ̀. IMPORTDATA ti ní àyè fún sísọ àmì ìyàsọ́tọ̀ àti orílẹ̀-èdè fáìlì, COPY náà ní DELIMITER. Ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ ní tirẹ̀ á fi ojú rẹ̀ ṣe é.

Owó ńkọ́? Sẹ́fà so mọ́ yúrò ní 655.957, náírà kò so mọ́ nǹkan kan. GOOGLEFINANCE lè mú iye pàṣípààrọ̀ wá sórí ṣíìtì, àmọ́ kì í ṣe iye tí àwọn onípàṣípààrọ̀ Ìdí-Ìrókò ń ná, èyí tó wà lórí ṣíìtì lónìí kò sì ní jẹ́ ti ọ̀la. Iye ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ sínú òpó tirẹ̀. Kò sí ìbéèrè tó lè bá wọn wá a lẹ́yìn náà.

Orúkọ ìlú ló tún ń fọ́ àpapọ̀ sí wẹ́wẹ́ jù. Aiyetoro, Ayetoro àti Ayétòrò jẹ́ ìlú mẹ́ta lójú GROUP BY, Idiroko àti Idi-Iroko sì jẹ́ méjì. Àkọsílẹ̀ tó ṣáájú 1995 ń pe agbègbè yìí ní Ẹ̀gbádò, èyí tó tẹ̀ lé e ń pè é ní Yewa. Tábìlì ìtọ́kasí kan tó so gbogbo orúkọ àtijọ́ mọ́ tuntun nìkan ló lè yanjú rẹ̀, ìdí mìíràn sì nìyí tí àìní JOIN nínú QUERY fi ń dunni.

Àmì ohùn wá ni ìṣòro tí ojú kò rí. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, fún ẹ́. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kí ó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. PostgreSQL ní iṣẹ́ normalize láti ẹ̀dà 13 sókè, tó ń mú wọn bára mu. Apps Script lè ṣe é. Fọ́múlà ṣíìtì kò ní irú rẹ̀. MySQL 8 gba ọ̀nà mìíràn: bí wọ́n ṣe gbé e jáde, kì í ka àmì sí rárá, Ọ̀yọ́ àti Oyo á di ọ̀kan, èyí tó dùn mọ́ akọ̀wé orúkọ ìlú, tí kò sì lè dùn mọ́ ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú

Ìpín kejì àti ìkẹta kò tíì gbà lórí ibi tó yẹ kí ìfọmọ́ fáìlì ti wáyé. Ẹni tó fọ̀ ọ́ nínú àká ní ẹ̀rí ohun tó ṣe. Ẹni tó fọ̀ ọ́ lórí ṣíìtì ní ojú ènìyàn mẹ́wàá tó lè rí àṣìṣe. Kò sì tíì dájú ohun tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, tó ti ń kọ fọ́múlà àti SQL fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún un, máa ṣe sí ọ̀rọ̀ àìtó amòye. Ó mú kí kíkọ ìbéèrè rọrùn, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ogójì ìlà ti di òfìfo kò ní mọ̀ láti bi í.

Ti òfin ni ó wà ní gbalasa jù. Nàìjíríà fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ní oṣù kẹfà 2023, ó sì ní ìlànà fún kíkó àkọsílẹ̀ ènìyàn lọ sókè òkun. Orílẹ̀-èdè Benin ní òfin tirẹ̀ àti àjọ tó ń bójú tó o. Bí oníṣòwò ní Ìlaròó bá kó orúkọ àti gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Pobè sórí ṣíìtì kan tó wà lórí ẹ̀rọ Google ní ilẹ̀ kẹta, abẹ́ òfin wo nínú méjèèjì ni ìlà kọ̀ọ̀kan wà, ta ni oníbàárà náà yóò sì lọ bá bí wọ́n bá ṣí ṣíìtì náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé?